Ohùn Araksi Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Wọ́n Ti Wó

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Shushan Terzian bá Zaven sọ láyé, èébú ni. Ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kúrò létí, ó wo ọkùnrin gbọọrọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo ṣe eléyìí? Ó dà bí ìgbà téèyàn ki orí bọ inú korobá tó wá ń kọrin."

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kékeré náà ní Burbank, lẹ́bàá Hollywood, mọ̀ pé ẹnu Shushan ò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé, ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ Zaven lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, wọ́n sì ti ń yìn ín láti àárọ̀. Zaven bú sẹ́rìn-ín.

"Korobá onírin ni àbí ti rọ́bà?"

"Ti rọ́bà. Tó bá jẹ́ onírin, ì bá tiẹ̀ sàn díẹ̀."

Ẹ jẹ́ n sọ iṣẹ́ wọn kó yé yín. Téèyàn bá kọrin nínú yàrá híhá, ohùn rẹ̀ á gbẹ bíi panla. Ilé iṣẹ́ yìí ló ń ṣe ètò tí àwọn olórin ń fi sínú kọ̀ǹpútà, tó máa fún ohùn gbígbẹ náà ní gbohùngbohùn bíi ti gbọ̀ngàn ńlá tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, títí ẹni tó gbọ́ ọ á fi búra pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́. Zaven ni wọ́n gbà pé kó máa ṣe é, Shushan ló ń dájọ́ rẹ̀. Wọ́n á gbé orin kan náà gba oríṣiríṣi ọ̀nà, wọn ò ní sọ èwo ni èwo, òun á máa gbọ́, á máa ní èyí dáa, èyí ń dún wín-ín bí irin, ìrù ohùn èyí, gbohùngbohùn tó kù lẹ́yìn orin, tètè já. Tí Shushan bá ti ní kò dáa, kò dáa náà nìyẹn.

Wọ́n sì ní àṣà kan. Láàárín àwọn orin tó máa gbọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ ki ọ̀kan tó burú jáì bọ̀ ọ́, láìsọ fún un. Ìdẹ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú òun sọ nǹkan kan. Adájọ́ tó bá gbé ìdẹ mì, tó ní ó dáa, a jẹ́ pé kò fetí sílẹ̀ rárá, gbogbo ìdájọ́ rẹ̀ ọjọ́ náà sì di ìdànù. Shushan ò gbé ìdẹ mì rí. Yẹ̀yẹ́ ló máa ń fi wọ́n ṣe.

Níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn lórí gbohùngbohùn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹun ọ̀sán pọ̀. Shushan á gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó fi wé wàràkàṣì wá láti ilé, wọ́n á pín in jẹ lórí ìjókòó kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Ibẹ̀ ni Zaven ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un.

"Mo ti níyàwó rí," ó ní. "Kò bá mi jà rí. Ohunkóhun tí mo bá bi í, 'Ó dáa, Zaven. Inú mi dùn, Zaven.' Ọjọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé inú rẹ̀ ò dùn lọ́jọ́ kan. Irọ́ dídùn ló tú ilé mi, Shushan. Nígbà tó o wá sọ pé mo ki orí bọ korobá, ṣe ló dà bíi pé wọ́n ṣí fèrèsé fún mi."

"Àṣé ìyà ló ń wù ẹ́ jẹ."

"Tó bá ti jẹ́ láti ọwọ́ rẹ."

Shushan gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ó ti kọjá ọjọ́ orí tí àwọn ìyá ìjọ ń bi í pé ìgbà wo ni àwọn máa jẹun ìgbéyàwó. Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún un báyìí, bí ẹni ń gbàdúrà fún aláìsàn. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ ti tán láyé òun. Kí ló wá dé tí ọkàn rẹ̀ fi ń lù kì-kì-kì nítorí ọkùnrin tí wàràkàṣì lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀?

Ìfẹ́ dé, ó kù kí wọ́n sọ fún baba.

Garbis ni orúkọ bàbá Shushan. Beirut ni wọ́n ti bí i, ó tún bàtà ṣe ní Hollywood títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ló sì darí àwọn akọrin ìjọ wọn tẹ́lẹ̀. Araksi ìyàwó rẹ̀ ló máa ń dá kọrin nígbà ayé rẹ̀. Ohùn obìnrin náà, ọmọ tó ń ké lápá ìyá rẹ̀ á dákẹ́. Araksi ti kú, Shushan nìkan ló sì bí fún Garbis. Ọmọbìnrin náà lè wọ kọ́ọ̀tù lọ kó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ẹni tó wù ú, ta ni yóò mú un? Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò gbé e pé kí bàbá tó kù fún un nìkan jókòó sílé lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun.

Zaven ò ní òbí láyé mọ́, ni Àǹtí Azniv, ẹ̀gbọ́n Garbis obìnrin, bá gba iṣẹ́ alárinà. Ìyá yìí, ẹnu rẹ̀ lè ta òkúta fún ẹni tó ń kọ́lé lórí àpáta. Wọ́n lọ lọ́jọ́ Sunday kan, Shushan po kọfí bó ṣe yẹ, ó gbé e síwájú wọn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ, kọfí náà á wà nílẹ̀ títí bàbá ọmọ á fi sọ pé, "Ẹ mu kọfí yín." Bó bá ti sọ ọ́, ó ti fún wọn lọ́mọ nìyẹn.

"Garbis," Àǹtí Azniv bẹ̀rẹ̀, "lónìí, èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìyá ọkọ ni mí. Má wojú mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dàgbà ju eré yìí lọ."

"Àgbà náà ló ń tọrọ ọmọ. Ọkùnrin yìí níṣẹ́ lọ́wọ́, kì í mutí yó, ó sì fẹ́ràn ọmọ rẹ. Kí lo tún ń wá?"

Garbis kọjú sí Zaven. "Wọ́n ní o ti kọ ìyàwó kan sílẹ̀."

"Òun ló kọ̀ mí, Baba."

"Ìyẹn tún wá burú jù! Kí ló rí lára rẹ tó fi sá?"

"Garbis!"

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ wo ló tiẹ̀ ń ṣe? Shushan ní ṣe ló ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì irọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá fẹ́ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó wẹ̀, kó wọṣọ, kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì!"

Kọfí tutù lórí tábìlì. Shushan ló kó àwọn ife náà padà sílé ìdáná, ó ń da kọfí nù, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú síǹkì.

Àǹtí Azniv ò jáwọ́. Ó lọ, ó bọ̀, ó bínú, ó bẹ̀bẹ̀, ó gbé kéèkì lọ, ó gbé èpè lọ. Nígbà tó sú Garbis, òun náà sọ ọ̀rọ̀ kan tó yà gbogbo wọn lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀ṣì tí Araksi ti kọrin gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ìmìtìtì ilẹ̀ ti là á lógiri, ìjọba wó o, mọ́tò ni wọ́n ń gbé síbẹ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ rí. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù, inú ilé ìdáná ni Araksi ti kọ ọ́, níbi tó ti ń wé ewé àjàrà mọ́ ìrẹsì, ohùn náà sì gbẹ, kò ní ibì kankan tó ń lọ.

"Ó ní òun lè ṣe ṣọ́ọ̀ṣì," Garbis sọ. "Kó ṣe tiwa. Kí n gbọ́ Araksi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, màá ní kó mu kọfí rẹ̀."

"Ta ló máa sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀?" Àǹtí Azniv bi í. "Ìwọ tí a ń pariwo fún kó o tó gbọ́ oúnjẹ?"

"Shushan ni. Etí tèmi ti ń kú lọ, mo mọ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló dàgbà sí, kò sì purọ́ fún mi rí lórí ọ̀rọ̀ ohùn."

Àfi bí ìgbà tí wọ́n fún Zaven ní ìjọba. Ó dáwọ́ lé iṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n bí fún un. Ó ń kiri ilé àwọn àgbà ìjọ, ó ń wo fọ́tò ìsàmì àti ti ìsìnkú, ó ń bèèrè bí òrùlé rìbìtì náà ṣe ga sí, irú aṣọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ibi tí aṣọ ìkélé ti ń rọ̀. Ó wá ṣọ́ọ̀ṣì kan tó jọ ọ́ kàn ní Fresno, ó ń bẹ́ bálúùnù nínú rẹ̀ kó lè gbọ́ bí ariwo ṣe ń rìn lára ògiri. Gbogbo bí Shushan ṣe bẹ̀ ẹ́ pé kóun gbọ́ díẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ìwọ ni adájọ́. Adájọ́ kì í bá agbẹjọ́rò jẹun. Lọ́jọ́ náà, sọ ohun tó o bá gbọ́."

"Bí kò bá wá dáa ńkọ́?"

"Sọ pé kò dáa, màá lọ tún un ṣe. Baba rẹ ò ní kú lọ́la."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Ó ní òun á tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po, ẹ̀rù ti wọ Shushan lára. Garbis ti ń rù, ó ti ń dẹ́nu lé e pé ọ̀rọ̀ náà ti ń pẹ́ jù, pé ọmọ ọ̀rẹ́ òun kan ní Pasadena ń wá ìyàwó. Lóru àti lọ́sàn-án, ohun kan ṣoṣo ni Shushan ń rò: tí kò bá dáa ńkọ́? Tí baba ò bá fún wa láàyè ìkejì ńkọ́?

Ọjọ́ pé. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday ni. Zaven wọ aṣọ kóòtù, ó to sípíkà méjì sórí tábìlì pálọ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Àǹtí Azniv jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbàdúrà lábẹ́ èémí. Shushan gbé kọfí sílẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Zaven tẹ bọ́tìnnì. Ohùn Araksi jáde.

Shushan fetí sí i. Kò dáa. Kò tiẹ̀ súnmọ́ dídáa. Ìrù ohùn náà ń dún wín-ín bí ṣíbí tó bọ́ sórí símẹ́ńtì, ó wà lápá ọ̀tún bó ṣe wà lápá òsì, kò sí òrùlé, kò sí aṣọ ìkélé. Ṣé ohun tí Zaven fi ọdún kan ṣe nìyí? Ó ṣẹ́jú wo Zaven, ojú ọkùnrin náà kò sọ nǹkan kan, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bó ṣe máa ń rí níbi iṣẹ́. Ọkàn kan sọ fún un pé, àbí ìdẹ ni? Ó dá ọkàn náà lóhùn pé, ta ló ń gbé ìdẹ wá sílé àna? Ó ti kùnà ni, olólùfẹ́ mi ti kùnà, kò sì mọ̀.

"Shushan." Garbis ti tẹ̀ síwájú lórí àga, ó di ọwọ́ àga mú. "Ibẹ̀ ni?"

Ó yẹ kó ní kì í ṣe ibẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ohun tó mọ̀ ọ́n sọ jù nìyẹn.

"Ibẹ̀ ni, Baba."

Garbis fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Araksi," ó ń wí, "Araksi, ẹ̀mí mi." Bàbá tí kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ ìsìnkú ń mì tìtì bí ọmọdé. Ó nawọ́ sí tábìlì láìwo ibẹ̀. "Ẹ mu kọfí yín. Ẹ mu ún, ọmọ mi, ẹ mu ún!"

Àǹtí Azniv figbe ayọ̀ ta, ó fò mọ́ Shushan. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ọwọ́ Zaven ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà.

"Baba," ó ní, "ó ṣì ku ọ̀kan tí mo…"

"Má fọwọ́ kàn án! Kò sí òmíràn tí mo fẹ́. Jẹ́ kó tún kọ ọ́."

Zaven wo Shushan. Ọkùnrin náà gbé ife kọfí, ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni mu àgbo, ó sì gbé e kalẹ̀.

Inú mọ́tò Zaven, níwájú ilé, ni òun àti Shushan ti sọ̀rọ̀.

"Ìdẹ ni," Zaven wí.

"Háà! Zaven, ta ló ń gbé ìdẹ wá síbi ìtọrọ?"

"Èmi ni. Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi pé etí tó ti ojú títì dé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ burúkú kó tó mọ rere? Mo rò pé o máa rẹ́rìn-ín ni. Mo rò pé wàá ní, 'Baba, ẹ má dá a lóhùn, korobá nìyẹn,' gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, màá wá gbé tiwa jáde."

"Mo rò pé ibi tí agbára rẹ mọ nìyẹn. Mi ò fẹ́ pàdánù rẹ."

"Mo sọ fún ẹ pé màá tún un ṣe."

Zaven na ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí i, Shushan fi bo etí, ó sì gbọ́ èyí tí ọkùnrin náà fi ọdún kan ṣe. Ohùn ìyá rẹ̀ gbéra láti ilẹ̀, ó lọ sókè sínú òrùlé rìbìtì, ó dúró díẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe máa ń dúró, ó wá ń bọ̀ wálẹ̀. Lápá òsì, níbi tí aṣọ ìkélé àlàárì ti ń rọ̀, ohùn náà rọlẹ̀, ó sì wọ inú aṣọ náà lọ. Shushan tún di ọmọ kékeré lórí àga onígi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tólẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà lọ́hùn-ún láàyè. Nígbà tó yọ ẹ̀rọ náà kúrò létí, ẹkún ló fi sọ̀rọ̀.

"Ibẹ̀ ni, Zaven. Mo fi Ọlọ́run búra, ibẹ̀ gan-an ni."

Zaven mi orí. "Ohùn kan náà lo fi sọ ti àkọ́kọ́."

"Òótọ́ ni èyí!"

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ẹ bá mi dá a lóhùn. Shushan ní kí àwọn padà wọlé kí àwọn jẹ́wọ́, Zaven ní, "Ká sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ kọ́ ló ń sunkún fún? O fẹ́ ká tún sin obìnrin náà fún un lẹ́ẹ̀kejì?" Wọn ò padà wọlé.

Zaven gbìyànjú, ẹ má jẹ́ n parọ́ mọ́ ọn. Wọ́n ń pète ìgbéyàwó, Garbis ti yan orin. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, bí Shushan bá ní ohun kan dáa, Zaven á dúpẹ́, á sì rọra gbé e fún ẹlòmíràn kó tún un gbọ́. Wọ́n lọ wo òrùka ní Glendale, ó bi í bóyá ó wù ú, Shushan ní ó wù ú gan-an. Òótọ́ ni. Zaven tẹjú mọ́ ọn lórí káńtà bí ẹni ń wá ibi tí aṣọ ti ya, alágbẹ̀dẹ wúrà náà sì ń wo àwọn méjèèjì láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọn ò ra òrùka náà.

Lórí ìjókòó ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ni Zaven ti sọ fún un pé òun ti rí iṣẹ́ sí Toronto.

"Ṣé o ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ. Ohun tó ń pa mí nìyẹn. Ní àárọ̀, mo máa ń rò ó pé ìgbà tí a bá ti fẹ́ra, màá máa bi ẹ́ pé ṣé inú rẹ dùn. Kí lo máa sọ?"

Shushan rò ó síwá sẹ́yìn. Bó bá ní inú òun máa dùn, ọ̀rọ̀ ìyàwó àkọ́kọ́ nìyẹn. Bó bá ní kò ní dùn, kí ni wọ́n tún ń bára wọn ṣe? Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó kù lẹ́nu rẹ̀ tí ọkùnrin yìí lè gbà gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u dànù. Zaven fẹnu kàn án níwájú orí, ó fún un ní ẹ̀dà orin náà, èyí tó jẹ́ òótọ́, ó sì lọ.

Àǹtí Azniv sunkún, ó gbé Zaven ṣépè, ó tún gbàdúrà fún un. Ó bẹ Shushan pé kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé Zaven ti lọ. Shushan ní òun á sọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday.

Lọ́jọ́ Sunday náà, Garbis ti jókòó sí pálọ̀, ìdẹ ń ké lórí sípíkà, wín-ín, wín-ín, bó ṣe ń ké lójoojúmọ́ láti ọjọ́ ìtọrọ. Shushan rò ó pé òun á kọ́kọ́ jẹ́ kí bàbá òun gbọ́ òótọ́, lẹ́yìn náà òun á sọ ìyókù. Ó pa ti tẹ́lẹ̀, ó fi èyí tí Zaven ṣe sí i. Ohùn ìyá rẹ̀ gòkè sínú òrùlé, ó kún pálọ̀ náà títí dé ilé ìdáná. Shushan di ògiri mú.

Garbis tẹ́tí, ó ká ojú kò, ó mi orí.

"Kí lèyí? Èyí ò jọ ọ́ rárá. Dá ìyá rẹ padà fún mi."

"Baba, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Èyí ló…"

"Mo ti gbọ́. Ìwọ náà lo sọ fún mi pé ibẹ̀ ni ti tẹ́lẹ̀. Ṣé o fẹ́ sọ fún mi nísinsìnyí pé o purọ́ ni?"

Ojú bàbá náà ti ń pọ́n. Shushan wò ó, ó rí bó ti rù tó nínú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Rárá, Baba," ó ní, ó sì dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

Garbis fẹ̀yìn ti àga, ó dijú, ara rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n. Zaven ṣe iṣẹ́ ńlá. Sọ fún un pé kó má tún fọwọ́ kan orin náà mọ́. Sọ fún un pé kó wá bá wa jẹun alẹ́."

"Màá sọ fún un, Baba," Shushan dáhùn, ó sì wọ ilé ìdáná lọ láti lọ gbé àwo ẹni mẹ́ta.